Bí Ilé Iṣẹ́ Oúnjẹ àti Ohun Mímu Ṣe Lè Dènà Kẹ́míkà Olóró Nínú Ike: Ìtọ́sọ́nà Ní Ìgbésẹ̀-Ìgbésẹ̀

Ẹni tó ń di oúnjẹ tàbí ohun mímu sínú ike fún títà ní agbára kan tí oníbàárà rẹ̀ kò ní: òun ló ń yan ike náà. Oníbàárà lè ka èròjà oúnjẹ lára àlẹ̀mọ́ ìgò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò ti ka èròjà ìgò fúnra rẹ̀, nítorí pé òfin kì í sábà béèrè pé kí a kọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, bí kẹ́míkà tó léwu kò bá ní dé ẹnu èèyàn, ibi tí a ti ń ra ike, tí a ti ń rọ oúnjẹ sínú rẹ̀, tí a sì ti ń tò ó sí ilé ìkẹ́rùsí ni a ti gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé tí kò ní onímọ̀ kẹ́míkà tiwọn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Iye kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lè dẹ́rù bani. Ìròyìn PlastChem, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 2024, ka kẹ́míkà tó lé ní 16,000 tí a ń lò nínú ike tàbí tí a ń bá nínú rẹ̀, ó sì sọ pé ó lé ní 4,200 nínú wọn tó jẹ́ ewu fún ara èèyàn tàbí fún àyíká. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè máa lépa irú iye bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kó gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀ lórí BPA, kẹ́míkà kan tí a fi ń ṣe ike líle, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ike wọn, wọ́n sì fi BPS tàbí BPF rọ́pò rẹ̀. Ìbátan BPA tímọ́tímọ́ ni méjèèjì, ìwádìí sì ti fi hàn pé àwọn náà ń da iṣẹ́ họ́mónù rú. Ẹbí-ẹbí ni kí ẹ fi máa lé kẹ́míkà jáde, ẹ má ṣe lé e lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e yìí dúró lórí ìpinnu yẹn.

Ìgbésẹ̀ Kìn-ín-ní: Ẹ kọ gbogbo ohun tí oúnjẹ yín ń fara kàn sílẹ̀

Ìwé àti bírò ni iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti yàrá àyẹ̀wò ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ tọpa oúnjẹ yín láti ìgbà tó ti wọ ilé iṣẹ́ títí di ìgbà tí oníbàárà yóò ṣí i, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó fara kàn án. Ìgò tàbí náílọ́ọ̀nù ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ kọ. Ìdérí ńkọ́? Rọ́bà pẹlẹbẹ inú ìdérí, tí kì í jẹ́ kí ó jò, ńkọ́? Tádáwà tí a fi tẹ orúkọ ọjà, àtè tó mú àlẹ̀mọ́ dúró, páìpù rọ́bà tí ohun mímu ń gbà láti inú táǹkì dé ẹnu ìgò, ibọ̀wọ́ òṣìṣẹ́, àti garawa tí a fi ń po nǹkan pọ̀, gbogbo wọn ló yẹ kó wà lórí ìwé náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣejù ni èyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní nǹkan bí ọdún 2000 yẹ kó yí i lérò padà. Àwọn olùṣèwádìí rí DEHP, ọ̀kan lára ẹbí phthalate tí a fi ń mú ike rọ̀, nínú oúnjẹ ọ̀sán tí a ti sè tí a sì dì fún títà. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, kì í ṣe inú ike tí a di oúnjẹ náà sí ló ti wá. Ara ibọ̀wọ́ PVC (irú ike kan) tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀ ló ti wá, nítorí pé wọ́n ń fọ́n ọtí líle sí ibọ̀wọ́ náà láti pa kòkòrò àrùn, ọtí yẹn sì ń fa DEHP jáde. Ìjọba ibẹ̀ wá ní kí a yẹra fún irú ibọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tádáwà tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ítálì ní ọdún 2005, wọ́n gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lítà wàrà ọmọ ọwọ́ kúrò lọ́jà nítorí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ITX, èyí tí a fi ń mú kí tádáwà tètè gbẹ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ultraviolet. Ìta páálí ni tádáwà náà wà, kò fara kan wàrà rárá. Ṣùgbọ́n bí a ti ká páálí náà jọ sórí róòlù kí a tó lò ó, ìta ìpele kan ń lẹ̀ mọ́ inú ìpele kejì, ibẹ̀ sì ni kẹ́míkà náà gbà dé ibi tí wàrà yóò wà. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ife ike tí a to sínú ara wọn àti sí náílọ́ọ̀nù alátẹ̀jáde tí a ká jọ. Nítorí náà, ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń kó ohun ìkóúnjẹ yín wá pẹ̀lú, bóyá lórí róòlù ni tàbí ní títò sínú ara wọn.

Ìgò gíláàsì pàápàá kò bọ́ nínú èyí. PVC rírọ̀ ni rọ́bà inú ìdérí irin rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, bí ohun tó wà nínú ìgò bá sì jẹ́ ọlọ́ràá, ọ̀rá náà yóò máa fa èròjà amúrọ̀ jáde láti ara rọ́bà yẹn.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Ẹ mọ ohun tó ń fa kẹ́míkà jáde

Ike kan náà lè jẹ́ aláìléwu fún ọjà kan, kó sì jẹ́ ìṣòro fún òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà tí à ń sọ̀rọ̀ wọn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n ń yọ́ nínú ọ̀rá. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgò tó dára fún omi lè má dára fún òróró, bọ́tà, wàràkàṣì tàbí ẹja tí a rẹ sínú òróró. Ohun kíkan, bí omi èso àti ọtí kíkan, ń fa èròjà mẹ́tàlì jáde ju ohun tí kò kan lọ. Ọtí líle, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ibọ̀wọ́ yẹn ti fi hàn, ń ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ ti ọ̀rá.

Ooru ló burú jù nínú gbogbo wọn. PET, tí a fi ń ṣe ìgò omi àti ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 70°C. Antimony ni a sábà máa ń lò nígbà tí a bá ń ṣe PET, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń kù sára ìgò. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní Arizona, tó jáde ní ọdún 2008, ó gba ọjọ́ 176 kí antimony inú omi tó kọjá òdiwọ̀n Amẹ́ríkà, tó jẹ́ mìkírógíráàmù 6 nínú lítà kan, nígbà tí a fi ìgò náà sí 60°C. Ní 80°C, ọjọ́ méjì àti díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń rọ ohun mímu gbígbóná sínú ìgò PET lásán gbọ́dọ̀ ronú lórí nọ́ńbà méjì yẹn dáadáa.

Àkókò kò nílò àlàyé púpọ̀: bí oúnjẹ bá ti pẹ́ tó nínú ike ni kẹ́míkà ṣe ń ráyè tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í rò ni bí ìdì náà ṣe kéré tó. Òfin Yúróòpù gbà, fún ìṣirò, pé kìlógíráàmù oúnjẹ kan ń fara kan ike tó fẹ̀ tó dẹ́símítà onígun mẹ́rin 6. Ẹ wá wo náílọ́ọ̀nù pélébé tó gba gíráàmù 20, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 96. Kìlógíráàmù kan tí a pín sínú àádọ́ta irú rẹ̀ yóò fara kan dẹ́símítà onígun mẹ́rin 48, ìyẹn ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí òfin fi ṣírò. Bí ẹ bá ń ta ọjà kan náà nínú ìgò ńlá àti nínú náílọ́ọ̀nù kékeré, ìdì kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ padà sórí ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, kí ẹ sì kọ irú oúnjẹ, ìwọ̀n ooru tó ga jù, iye ọjọ́ tó pẹ́ jù àti ìdì tó kéré jù sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Ìwé yìí ni ẹ ó máa lò títí dé òpin.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Ẹ kọ àwọn ẹbí kẹ́míkà tí ilé iṣẹ́ yín kò ní gbà

Kò sí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí. Ìjíròrò lórí àdéhùn àgbáyé nípa ike, tí àpérò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nípa àyíká fọwọ́ sí ní Nairobi ní oṣù Kẹta ọdún 2022, dé Geneva ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sì tú ká láìfẹnu kò. Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà inú ike wà lára ohun tí wọn kò fi fohùn ṣọ̀kan. Àkọsílẹ̀ tiyín ni ẹ ó kọ, àwọn ẹbí wọ̀nyí ló sì yẹ kó ṣíwájú.

Bisphenol ni ẹbí àkọ́kọ́. Inú ike polycarbonate, tó le tó sì mọ́ gaara bíi gíláàsì, àti inú ọ̀dà epoxy tí a fi ń kun inú agolo ni BPA wà jù. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ìgò ìfúnlóúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí a fi polycarbonate ṣe ní ọdún 2011, Amẹ́ríkà yọ irú ìgò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú òfin rẹ̀ ní ọdún 2012, ilẹ̀ Faransé sì dá lílo BPA dúró nínú gbogbo ohun ìkóúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, EFSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, dín ìwọ̀n tí ara lè gbà lójúmọ́ kù sí nánógíráàmù 0.2 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ìlọ́po 20,000 ju èyí lọ. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60, gbogbo ohun tí ara rẹ̀ lè gbà lóòjọ́ kò ju nánógíráàmù 12 lọ. Òfin 2024/3190 tẹ̀ lé e, ó ka BPA léèwọ̀ pẹ̀lú àwọn bisphenol mìíràn tó léwu, ó sì fún ilé iṣẹ́ láyè títí di oṣù Keje ọdún 2026 fún ọ̀pọ̀ ọjà, àti títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2028 fún àwọn kan.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí nọ́ńbà EFSA. BfR, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì, fi tirẹ̀ sí nánógíráàmù 200, ìyẹn ìlọ́po 1,000. Lójú tèmi, kò yẹ kí ilé iṣẹ́ kékeré dúró de ìgbà tí wọn yóò parí àríyànjiyàn náà, nítorí pé ike tí kò ní bisphenol pọ̀ lọ́jà, kò sì ṣòro láti rí.

Phthalate ni ẹbí kejì. Èròjà amúrọ̀ ni, inú PVC rírọ̀ ló sì pọ̀ sí jù, níbi tó ti lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ike náà. Kò so mọ́ ike náà ṣinṣin. Ńṣe ló wà nínú rẹ̀ bí omi ṣe ń wà nínú kànìnkànìn, ọ̀rá tó bá sì kàn án ló ń fún un jáde. DEHP, DBP, BBP, DIBP àti DINP ni orúkọ tí ẹ ó máa rí jù. Amẹ́ríkà yọ 23 nínú àwọn phthalate kúrò lára ohun tí òfin fàyè gbà fún ohun ìkóúnjẹ ní ọdún 2022, nítorí pé àwọn tó ń ṣe wọ́n fúnra wọn sọ pé wọn kò lò ó fún iṣẹ́ yẹn mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń kọ òfin tiyín, ẹ kọ ortho-phthalate síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ phthalate lásán, ẹni tó ń ta ìgò PET fún yín lè bi yín bóyá ẹ ti ka PET pàápàá léèwọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ terephthalate wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun ọ̀tọ̀ ni.

PFAS, àwọn kẹ́míkà tó ní fluorine tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ni ẹbí kẹta. Ibi tí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí jù ni bébà àti páálí tí òróró kì í wọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń wọ inú náílọ́ọ̀nù polyethylene gẹ́gẹ́ bí èròjà tó ń jẹ́ kí ike gbígbóná yọ̀ dáadáa nínú ẹ̀rọ. Dẹ́ńmáàkì ti kà á léèwọ̀ nínú bébà àti páálí ìkóúnjẹ láti oṣù Keje ọdún 2020. Òfin Yúróòpù 2025/40 yóò fi ààlà sí i nínú gbogbo ohun ìkóúnjẹ láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2026. Àjọ IARC, tó ń ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, fi PFOA, ọ̀kan lára PFAS, sí ìpele kìn-ín-ní ní òpin ọdún 2023, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, ẹ fi styrene àti vinyl chloride kún un, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn lè ṣẹ́kù sára polystyrene àti PVC. IARC gbé styrene sí ipò ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa jẹjẹrẹ ní ọdún 2018. Vinyl chloride ti wà ní ìpele kìn-ín-ní tipẹ́. Ẹ tún kọ òjé, cadmium, mercury àti chromium onípele kẹfà: Yúróòpù kò gbà kí àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ju mílígíráàmù 100 lọ nínú kìlógíráàmù kan ohun tí a fi di ọjà.

Ẹ kọ òfin náà ní gbólóhùn tí kò ní pọ́n-ún-pọ̀n-ùn: “Ilé iṣẹ́ wa kì í ra ohunkóhun tó ń fara kan oúnjẹ, bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ fi bisphenol, ortho-phthalate tàbí PFAS èyíkéyìí sí i.” Kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ń rajà sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ẹ yan irú ike

Nọ́ńbà 1 sí 7 tó wà nínú onígun mẹ́ta lábẹ́ ike bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988 láti fi ya ike sọ́tọ̀ fún àtúnlò. Kì í ṣe àmì ààbò, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ìṣàyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ yọ 3, tó jẹ́ PVC, àti 6, tó jẹ́ polystyrene, kúrò pátápátá. Nọ́ńbà 7 túmọ̀ sí pé ike náà kò sí lára mẹ́fà yòókù, polycarbonate sì wà lára ohun tó lè jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe gbà á àfi bí ẹ bá mọ orúkọ rẹ̀ ní pàtó. Nọ́ńbà 2 àti 4 jẹ́ polyethylene, 5 jẹ́ polypropylene. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà nílò èròjà amúrọ̀, polypropylene sì ń fara da ooru ju PET, tó jẹ́ nọ́ńbà 1, lọ. Fún ohun tí a ń rọ nígbà tó ṣì gbóná, 5 ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń ta ike fún yín

“Ó dára fún oúnjẹ” kì í ṣe ìdáhùn. Àmì ife àti fọ́ọ̀kì, tí òfin Yúróòpù 1935/2004 là sílẹ̀, ń sọ pé a ṣe ohun kan láti fara kan oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sọ irú oúnjẹ wo, kò sì sọ ìwọ̀n ooru tàbí iye ọjọ́. Ìwé ìbófinmu ni kí ẹ béèrè. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó ṣe ike náà, ọjọ́ tí a kọ ọ́, òfin tó tẹ̀ lé, àwọn èròjà inú ike náà tí òfin fi ààlà sí, àti irú oúnjẹ, ìwọ̀n ooru àti àkókò tí a ṣe é fún. Ẹ fi ìwé yẹn síwájú, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìwé wọn bá sọ pé omi ni a dán an wò fún, tí ẹ̀yin sì ń rọ òróró sínú rẹ̀, ìwé náà kò wúlò fún yín, bí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn. Irú èyí ti tó: “À ń rọ òróró sínú ìgò yín, ó sì ń wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án níbi tí ooru kò kọjá 40°C. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ìbófinmu tó bá ìlò yìí mu ránṣẹ́ sí wa fún ìgò, ìdérí, rọ́bà inú ìdérí àti tádáwà. Ẹ tún fi ọwọ́ sí i pé a kò mọ̀ọ́mọ̀ fi bisphenol, ortho-phthalate tàbí PFAS èyíkéyìí sí i, títí kan èròjà tí a fi ń mú kí ike yọ̀ nínú ẹ̀rọ. Kí ẹ tó yí èròjà tàbí ẹni tó ń fún yín ní èròjà padà, ẹ sọ fún wa ṣáájú.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé ìgò tó dára lónìí lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àṣírí òwò ni èròjà òun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ ní kó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ tààrà sí yàrá àyẹ̀wò lábẹ́ àdéhùn ìpamọ́, kí yàrá náà sọ fún yín bóyá ó bá òfin yín mu tàbí kò bá a mu. Ẹni tó bá kọ èyí pẹ̀lú ti dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Ẹ dán an wò

Ìwé nìkan kò lè sọ ohun gbogbo, nítorí pé kì í ṣe gbogbo kẹ́míkà tó ń jáde ni a mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú ike. Àwọn kan ń ṣẹ̀dá nígbà tí ike bá gbóná nínú ẹ̀rọ tàbí nígbà tí èròjà kan bá fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ wá yàrá àyẹ̀wò tó ní ìwé ẹ̀rí ISO/IEC 17025 fún irú àyẹ̀wò yìí gan-an, kì í ṣe fún àyẹ̀wò omi tàbí iyẹ̀pẹ̀.

Kì í ṣe oúnjẹ yín ni wọ́n sábà máa ń lò, bí kò ṣe ohun tó ń ṣe bí oúnjẹ. Lábẹ́ òfin Yúróòpù 10/2011, omi tí a fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí dúró fún ohun olómi, acetic acid ìdá 3 dúró fún ohun kíkan, òróró ewébẹ̀ sì dúró fún ohun ọlọ́ràá. Bí ọjà yín yóò bá wà nínú ike fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà ní ìwọ̀n ooru yàrá, ọjọ́ 10 ní 60°C ni àyẹ̀wò èròjà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ, ọjọ́ 10 ní 50°C. Àpapọ̀ ohun tó jáde kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ lórí dẹ́símítà onígun mẹ́rin kan. Ààlà àpapọ̀ yìí kò sọ ohun tó jáde, iye rẹ̀ nìkan ló sọ, nítorí náà ẹ béèrè ti èròjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú: mílígíráàmù 0.6 nínú kìlógíráàmù kan ni ààlà DEHP láti ọdún 2023, 0.04 sì ni ti antimony. Fún PFAS, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn àpapọ̀ fluorine, nítorí pé òun ni ọ̀nà tó yá láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí a wá síwájú sí i.

Owó àyẹ̀wò kì í ṣe kékeré. Ẹ má ṣe dán gbogbo ọjà wò. Ẹ yan èyí tó burú jù lórí ìwé yín, ìyẹn èyí tó lọ́ràá jù, tó gbóná jù, tó pẹ́ jù, tí ìdì rẹ̀ sì kéré jù. Bí ìyẹn bá yege nínú ike kan, àwọn yòókù tó wà nínú ike kan náà kò ní ṣe yín ní ìdààmú púpọ̀. Ike tó ti parí, tó ní tádáwà, tó sì wá láti ara ẹrù tí ẹ rà gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí garawa tàbí ohun èlò mìíràn bá wà tí ẹ ń lò léraléra, ẹẹ̀mẹta tẹ̀lératẹ̀léra ni a ń dán an wò.

Ìgbésẹ̀ Keje: Ẹ ṣọ́ra fún ike àtúnlò

Èmi náà fẹ́ kí àtúnlò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ike tó ti gbé epo ọkọ̀, ọ̀dà tàbí ẹ̀rọ iná mànàmáná rí kò gbọ́dọ̀ padà wá gbé oúnjẹ. A ti bá kẹ́míkà adènà-iná tó ní bromine nínú ohun èlò ilé ìdáná tí a fi ike dúdú ṣe, ara ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ló sì ti wá. PET tí a fọ̀ tí a sì tún yọ́ lábẹ́ ètò tí òfin fọwọ́ sí, irú èyí tí òfin Yúróòpù 2022/1616 là sílẹ̀, ni kí ẹ gbà. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìfọwọ́sí ètò náà. Ike dúdú tí kò ní ìwé, ẹ má ṣe fara kàn án.

Ìgbésẹ̀ Kẹjọ: Ẹ tún ibi iṣẹ́ ṣe

Ike tó dára lè di èyí tó léwu lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ sè tutù dé ìwọ̀n tí ìwé ìbófinmu ike náà gbà kí ẹ tó rọ ọ́, kí ẹnì kan sì máa fi òṣùwọ̀n ooru wọ̀n ọ́n kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe to ìgò sínú oòrùn, kì báà jẹ́ òfìfo tàbí kíkún, ẹ má sì fi ọjà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa mọ́ oòrùn. Ẹ gbé ọ̀dà, epo ọkọ̀ àti oògùn apakòkòrò jìnnà sí ibi tí ike wà, nítorí òórùn wọn ń wọ inú ike. Ike polycarbonate tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín kò gbọ́dọ̀ kan ọṣẹ líle àti omi gbígbóná pọ̀, torí méjèèjì ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń tú BPA jáde. Garawa tó ti ní ojú ọgbẹ́ tàbí tó ti ṣá kò yẹ nídìí oúnjẹ mọ́. Ẹ fi silicone tó ní ìwé ìbófinmu rọ́pò páìpù PVC rírọ̀, kí ẹ sì fi nitrile rọ́pò ibọ̀wọ́ PVC.

Ìgbésẹ̀ Kẹsàn-án: Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ike

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo ti rí àwọn tó sá kúrò nínú ike lọ sínú bébà tí òróró kì í wọ̀, wọn kò sì béèrè ohun tí kò jẹ́ kí òróró wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ PFAS ni. Ife àti abọ́ tí wọ́n ń pè ní ti ọparun sábà máa ń jẹ́ ike melamine tí a lọ ọparun mọ́. Òfin Yúróòpù kò gba irú àpòpọ̀ yẹn láyè, nítorí pé melamine àti formaldehyde ń jáde láti inú rẹ̀, pàápàá bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá gbóná. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi rọ́pò ike gbọ́dọ̀ gba ìgbésẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà kọjá bíi ike fúnra rẹ̀. Gíláàsì àti irin tí kì í dípẹtà ló máa ń yege wẹ́rẹ́, bí ẹ bá ti yanjú ọ̀rọ̀ ìdérí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà tí ìwé yín fi hàn pé ó burú jù, kí ẹ sì lo ike rẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ Kẹwàá: Ohun tí ẹ ó kọ sára ọjà àti ohun tí ẹ ó pa mọ́

“Kò ní BPA” dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó rọ́pò rẹ̀. Ìlànà ìlò ló ṣàǹfààní jù: kí oníbàárà mọ̀ pé kí òun má ṣe gbé e sínú ẹ̀rọ máíkíròwéfù, kí òun má ṣe fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, kí òun má sì rọ ohun gbígbóná sínú ìgò náà lẹ́yìn tó bá ti tán. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí oníbàárà yín ń kà, ní lẹ́tà tó tóbi tó láti rí.

Nínú gbogbo ẹrù ike tó bá wọlé, ẹ mú mélòó kan pa mọ́ sí ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, kí ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹrù náà sí i lára, kí ẹ sì tọ́jú wọn títí ọjà tí ẹ rọ sínú ẹrù yẹn yóò fi kọjá ọjọ́ ìparí rẹ̀. Bí òórùn ike bá yí padà, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣú, tàbí bí oníbàárà bá sọ pé ọjà náà ń ta sánsán bíi ike, èyí tí ẹ pa mọ́ yẹn ni yàrá àyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ẹni tó ń ta ike, oúnjẹ tí ẹ ń rọ, tàbí ìwọ̀n ooru tí ẹ fi ń rọ ọ́, ẹ mú ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní jáde, kí ẹ tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.